Wáyà bàbà tí mo gbé padà sí Alábà

Áńténà rédíò ni mo ń ṣe ní Múṣín, wáyà bàbà ò ṣàjèjì sí mi. Èyí tí mo rà l'Alábà, mítà 20, tó nípọn ní mílímítà 0.5, le bíi sípóòkù kẹ̀kẹ́. Mo nà án lọ nà án bọ̀ yí òpó ká kó má bàa kan ara rẹ̀, mo fi tẹ́sítà mi tó ń ka ohm kéékèèké (ìwọ̀n bí wáyà ṣe ń dí iná mànàmáná lọ́nà) wọ̀n ọ́n: 1.81. Bàbà gidi tó bá rí bẹ́ẹ̀, 1.76 ló yẹ kó jẹ́. Mo ní wọ́n ti lù mí ní jìbìtì.

Lọ́jọ́ kejì, ọmọkùnrin tó wà ní káńtà ò gbójú kúrò lára fóònù rẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n, ọjà tí a bá ti tà, a kì í gbà á padà.” Mo ní kó wo tẹ́sítà. Ó ní tẹ́sítà mi ló bàjẹ́! Tẹ́sítà tí mo ti ń lò láti ọdún mẹ́fà! Ariwo mi ló gbé Alhaja tó ni ṣọ́ọ̀bù jáde.

“Ẹ má bínú, ọkọ mi. Ẹ jẹ́ ká fi iná rọ̀ ọ́.”

Wọ́n ká wáyà náà sínú agolo, wọ́n da èédú lílọ̀ bò ó, wọ́n dé e pa kí atẹ́gùn má bàa wọlé, wọ́n gbé e sórí ẹ̀yín iná. Nígbà tí agolo pọ́n, wọ́n fi ẹ̀mú yọ wáyà, wọ́n jù ú somi: ṣàà! Mo figbe ta. Mo rò pé yóò le sí i bí ọ̀bẹ tí alágbẹ̀dẹ rì bọ omi. Irin ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, bàbà kọ́. Ó rọ̀ bí òwú. Nígbà tó tutù tán, a tún un nà: 1.77.

Alhaja ní bí wọ́n bá ń fa bàbà gba ojú ihò tóóró ní tútù, inú rẹ̀ á dàrú, iná mànàmáná ò ní rọ́nà gbà dáadáa. Ooru ló ń tún un tò. Wọ́n ní nichrome, wáyà tó ń gbóná nínú hítà, ń ṣe òdìkejì: bí wọ́n bá fà á ní tútù, ohm rẹ̀ á dínkù, bí wọ́n bá fi iná rọ̀ ọ́, á pọ̀ sí i. Inú mi dùn débi pé mo jókòó tì wọ́n títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú.

Ṣùgbọ́n kí ló dé tí wọn ò kọ ọ́ sára rẹ̀ pé èyí tí kò tíì rọ̀ ni? Owó ọkọ̀ mi lẹ́ẹ̀mejì ńkọ́? Ọmọ káńtà yẹn ò sì bẹ̀ mí títí mo fi kúrò níbẹ̀.

Máàkì: 2 nínú 5. Mo ti sanwó róòlù wáyà méjì sílẹ̀ lọ́wọ́ Alhaja, èyí tó rọ̀, mò ń lọ kó o ní Sátidé.