Ọ́fíìsì tí mo ti mọ iye tí mo ní

Ọdún 19 ni mo ti ń ta ańkárá ní ọjà Balógun, síbẹ̀ mi ò lè sọ pé iye báyìí ni owó tèmi. Ìgbà tí alájọ wa sá lọ ni ọ̀rẹ́ mi mú mi lọ sí ọ́fíìsì kan ní Broad Street, níbi tí wọ́n ti ń bá obìnrin ṣètò owó.

Ọmọbìnrin tó dá mi lóhùn ní, "Mọ̀mí, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya owó ọjà kúrò lára owó ilé." Odindi wákàtí méjì la fi tú ìwé àwìn mi. Omi bọ́ lójú mi. Èrè wà o! Aṣọ ẹbí àti àwìn ló ń jẹ ẹ́.

Ó wá ṣàlàyé bọ́ǹdù ìfowópamọ́ ìjọba àpapọ̀, ìyẹn owó téèyàn ń yá ìjọba, tí wọ́n á sì dá a padà fún un tí àsìkò bá pé: ₦5,000 lèèyàn lè fi bẹ̀rẹ̀, fún ọdún 2 tàbí 3, èlé á máa wọlé ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Orúkọ ara mi ni mo fi rà á.

Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni ìwé tí wọ́n fún mi, ìyẹn ò dáa. Mo ti bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tẹ ti Yorùbá, torí ìyá tí ìsọ̀ rẹ̀ kángun sí tèmi fẹ́ lọ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.