Ẹ̀kọ́ ìwakọ̀ gíga ní Ìlú Ọba: ṣé lóòótọ́ ni ó ń jẹ́ kí clutch pẹ́?

Kí n ti ìdáhùn ṣáájú, kó má baà di pé ẹ kà á tán kẹ́ ẹ tó mọ ibi tí mo dúró sí: bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀kọ́ náà ń jẹ́ kí clutch, ìyẹn ohun tó ń so ẹ́ńjìnnì mọ́ jíàbọ́ọ̀sì tó sì ń já wọn, pẹ́ dáadáa. Àmọ́ ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ torí kí wọ́n lè kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi ẹsẹ̀ dárà lórí pẹ́dàlì mẹ́ta á ní láti fara balẹ̀. Ojú ni wọ́n kọ́kọ́ ń kọ́ níbẹ̀. Ẹsẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ohun tó gbé mi dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń kọ́ni ní ìwakọ̀ yìí ni pé ọkọ̀ àlòkù tí mo rà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ ní jíà gíga. Tí mo bá tẹná lórí òkè, ẹ́ńjìnnì á pariwo, ọkọ̀ ò sì ní yára sí i. Nígbà tí mẹkáníìkì sọ jíàbọ́ọ̀sì kalẹ̀, ó gbé clutch disc, àwo tó ń jẹ nínú clutch, lé mi lọ́wọ́. Ó ti jẹ débi pé orí àwọn rífẹ́ẹ̀tì inú rẹ̀ ti fẹ́ máa ha irin. Ojú flywheel, àwo irin ńlá tí ẹ́ńjìnnì ń yí, fúnra rẹ̀ ti ní àmì roboto aláwọ̀ búlúù káàkiri, ibi tí ooru ti jó o. Owó iṣẹ́ ọwọ́ ló mu owó jù nínú ìnáwó ọjọ́ náà, torí kò sí bí ọwọ́ ṣe lè kan disc yẹn láìtú jíàbọ́ọ̀sì. Mo ní èyí tuntun yìí ò gbọdọ̀ tètè lọ bẹ́ẹ̀.

Ní Ìlú Ọba, àjọ méjì ni àwọn èèyàn mọ̀ jù mọ́ irú ẹ̀kọ́ yìí: IAM RoadSmart, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1956 pẹ̀lú orúkọ Institute of Advanced Motorists, àti RoSPA, àjọ tó ń gbógun ti ìjàǹbá. Àwọn ẹgbẹ́ àdúgbò ló ń ṣe iṣẹ́ náà gan-an, àwọn tó sì ń kọ́ni níbẹ̀ kì í gba owó oṣù, ìfẹ́ ọkọ̀ ló gbé wọn débẹ̀. Onítọ̀hún á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ nínú ọkọ̀ tìrẹ, ẹ ó jọ jáde sí títì gidi, á máa wo bí o ṣe ń ṣe, á sì kọ ọ́ sílẹ̀. Mi ò ní dárúkọ ẹgbẹ́ tí èmi bá ṣe é, torí mo ní ẹjọ́ díẹ̀ tí màá rò níwájú.

Kẹ́ ẹ tó lè mọ̀ bóyá ẹ̀kọ́ kan wúlò fún clutch, ẹ ní láti mọ ibi tí clutch ti ń jìyà. Kì í jẹ nígbà tí ẹsẹ̀ bá kúrò lórí pẹ́dàlì pátápátá, torí pressure plate, irin tó ń tẹ disc, ti há a mọ́ flywheel, gbogbo wọn jọ ń yí ni. Disc kì í sì í jẹ nígbà tí ẹ bá tẹ pẹ́dàlì dé ìsàlẹ̀, torí kò sí ohun tó ń fún un. Àárín méjèèjì ni ìyà wà, níbi tí disc ti ń yí ní eré kan, tí flywheel ń yí ní eré mìíràn, tí wọ́n sì ń fi ara ha ara wọn. Bí ìyàtọ̀ eré wọn bá ṣe pọ̀ tó, tí ó sì pẹ́ tó, ni ooru ṣe máa pọ̀ tó, ooru yẹn ló sì ń pa á. Ẹni tó ń tẹ pẹ́dàlì mọ́lẹ̀ títí tí iná títì á fi yí sí àwọ̀ ewé, release bearing, bẹ́rìn tó ń ti clutch ṣí, ni ìyẹn ń pa ní tirẹ̀.

Ètò tí wọ́n fi ń kọ́ni kì í ṣe tiwọn nìkan, ọ̀dọ̀ àwọn ọlọ́pàá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ti wá. Ìpele rẹ̀ ni ipò, eré, jíà, títẹná, tí ìròyìn tí ojú àti etí ń kó jọ sì bo gbogbo wọn. Tí ráńdábáòtù bá ń bọ̀, ẹ ó kọ́kọ́ mú ipò yín lójú ọ̀nà, ẹ ó fi bíréèkì dín eré kù tán, lẹ́yìn náà ni ọwọ́ tó kan jíà, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, sí jíà tí ẹ fẹ́ fi jáde. Ibi tó kan clutch gan-an nìyí. Ọ̀pọ̀ wa ni wọ́n kọ́ pé ká máa sọ jíà kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, karùn-ún, kẹrin, kẹta, ìkejì, kí ẹ́ńjìnnì lè bá wa dá ọkọ̀ dúró. Lẹ́ẹ̀mẹta ni clutch ṣiṣẹ́ nínú ìyẹn. Níbí, ẹ̀ẹ̀kan ni. Páàdì bíréèkì rọrùn ó sì dínwó láti pààrọ̀ ju clutch lọ, kí ló dé tí a ó fi gbé iṣẹ́ bíréèkì fún clutch?

Ṣùgbọ́n ẹ dúró ná. Fífo jíà láti karùn-ún sí ìkejì lè burú ju sísọ ọ́ kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan lọ tí ẹsẹ̀ ò bá mọ ohun tó ń ṣe. Ní 30 máìlì ní wákàtí kan, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ mi ń yí ní bíi ìgbà 2,000 ní ìṣẹ́jú kan ní jíà kẹta. Ní jíà kejì, ó gbọ́dọ̀ tó bíi 3,000. Tí mo bá kan gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí clutch láìtẹná, disc ni á fi agbára fa ẹ́ńjìnnì láti ìsàlẹ̀ dé òkè yẹn, eré ọkọ̀ á já wálẹ̀ lójijì, orí ẹni tó jókòó lẹ́yìn á mì. Tí mo bá ta iná fẹ́ẹ́rẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ti dé bíi 3,000 kí clutch tó mú, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé mo pààrọ̀ jíà. Ìdánwò rẹ̀ kò le: ẹ fi ife omi tó kún díẹ̀ sínú ihò ife, kẹ́ ẹ máa wo ojú omi.

Lórí kókó yìí gan-an ni ẹjọ́ mi wà. Olùkọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n fún mi ní kí n máa ta iná ní gbogbo ìgbà tí mo bá ń sọ jíà kalẹ̀. Ẹni kejì ní kí n yé e, kí n máa rọra gbé clutch sókè, ó ní èyí dẹ̀ lára ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó dẹ̀ lóòótọ́. Àmọ́ ohun tó jẹ́ kó dẹ̀ náà ni pé disc ń yọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Mo bi í, ó ní bí wọ́n ṣe kọ́ òun nìyẹn. Ẹgbẹ́ tó bá ń kọ́ni gbọ́dọ̀ lè jókòó kí wọ́n fẹnu kò lórí irú ọ̀rọ̀ báyìí. Ẹni tí kò bá ti mọ bí clutch ṣe ń ṣiṣẹ́ kó tó débẹ̀, ìdààmú nìyẹn máa dá sílẹ̀ fún un. Wọ́n sì tún máa ń pẹ́ kí wọ́n tó fèsì lẹ́tà, ṣùgbọ́n ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń ṣiṣẹ́, mi ò ní fi ìyẹn sínú ẹ̀sùn.

Níbi tí mo ti jèrè jù ni súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Ẹ mọ bá a ṣe máa ń ṣe é: ọkọ̀ iwájú sún díẹ̀, àwa náà sún díẹ̀, ẹsẹ̀ wà lórí clutch ní ìdajì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí ìgbà téèyàn ń wọ́ bàtà nílẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́ ni. Ohun tí wọ́n kọ́ mi ni kí n fi àyè sílẹ̀ níwájú, kí n dúró títí àyè náà á fi tó ohun tí mo lè fi jíà kìíní yí dáadáa, kí ẹsẹ̀ mi sì kúrò lórí clutch pátápátá. Ọkọ̀ á máa rìn fúnra rẹ̀ láìtẹná rárá. Àwọn tó wà lẹ́yìn á fun fèrè, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa fun ún. Bákan náà, ẹni tó jókòó tì mí máa ń ní kí n wo iná títì láti òkèèrè: tó bá ti pẹ́ tó ti wà ní àwọ̀ ewé, ó ti fẹ́ yí nìyẹn, kí n dín eré kù nísinsìnyí, bóyá màá bá a ní àwọ̀ ewé mìíràn lẹ́nu rírìn. Ọkọ̀ tí kò dúró pátápátá kò ní nílò clutch láti gbéra lódò, gbígbéra lódò ló sì ń jẹ disc jù. Kò sí ẹni tó dárúkọ clutch fún mi nínú gbogbo èyí. Ọ̀rọ̀ ojú ni.

Ti òkè kò gùn. Àwọn tó máa ń bálánsì clutch lórí òkè, kí ọkọ̀ má baà sún sẹ́yìn, ẹ fa bíréèkì ọwọ́. Tí ẹ bá fẹ́ gbéra, ẹ wá ibi tí clutch ti ń mú, ẹ tẹná díẹ̀, ẹ tú bíréèkì. Ẹ má tẹná ju bó ṣe yẹ lọ. Iná tó pọ̀ jù ní ìgbà ìgbéra ni òórùn jíjóná tí ẹ máa ń gbọ́ nínú ọkọ̀.

Ní ti ohun èlò ìkẹ́kọ̀ọ́, Roadcraft ni ìwé tí gbogbo wọn ń tọ́ka sí, ìwé àwọn awakọ̀ ọlọ́pàá, tó kọ́kọ́ jáde ní 1955. Orí ìwé tó sọ̀rọ̀ nípa yíya kọ́nà ni mo fẹ́ràn jù, pàápàá ibi tó ti kọ́ni láti máa wo ibi tí etí ọ̀nà ọ̀tún àti tòsì ti dà bíi pé wọ́n pàdé. Tí ibẹ̀ bá ń sún mọ́ yín, ẹ dín eré kù. Tó bá ń sá fún yín, ẹ lè tẹná. Ẹni tó bá mọ eyí á mú jíà tó yẹ kó tó wọ kọ́nà, kò ní máa wá jíà kiri láàárín rẹ̀. Àmọ́ ẹ má wá orí kan nínú rẹ̀ tó dá lórí bí clutch ṣe ń jẹ, ẹ ò ní rí i. Ìwé ìwakọ̀ ni, kì í ṣe ìwé mẹkáníìkì.

Àwọn fídíò orí íntánẹ́ẹ̀tì kún fún àwọn tó ń kọ́ni láti fi iwájú ẹsẹ̀ ọ̀tún tẹ bíréèkì, kí wọ́n sì fi ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ kan náà ta iná. Ó wuyì lójú, ó sì wúlò lórí pápá ìdíje, níbi tí kò ti sí àyè láti ya bíréèkì àti jíà sọ́tọ̀. Lójú títì, ètò tí mo sọ lókè ti mú kó di ohun téèyàn ṣọ̀wọ́n nílò. Títẹ clutch lẹ́ẹ̀mejì fún jíà kan ńkọ́? Ayé ìgbà tí jíàbọ́ọ̀sì ò tíì ní synchromesh (synchro), ohun tó ń mú eré àwọn jíà dọ́gba kí wọ́n tó wọ ara wọn, ló ti wá. Synchro ló ń dáàbò bò, disc ò jèrè nǹkan kan níbẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má fi ìyẹn tàn yín pé clutch yín á pẹ́ sí i.

Ohun mìíràn tí àwọn ọ̀rẹ́ inú ẹgbẹ́ máa ń sọ ni pé téèyàn bá rí i pé ìgbà tí pẹ́dàlì bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé òkè ni clutch ń mú, ó ti fẹ́ tán. Nínú ọkọ̀ tó jẹ́ wáyà ló so pẹ́dàlì mọ́ clutch, òótọ́ lè wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó jẹ́ òróró inú páìpù ló ń ti clutch dípò wáyà máa ń tún ara rẹ̀ ṣe bí disc ṣe ń fẹ́lẹ́ sí i, pẹ́dàlì lè wà bákan náà títí clutch á fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀. Ìdánwò tó dájú jù ni kẹ́ ẹ wà ní jíà kẹrin tàbí karùn-ún ní eré díẹ̀, lórí ọ̀nà tó ṣófo, kẹ́ ẹ tẹná tán. Tí ẹ́ńjìnnì bá sáré sókè tí ọkọ̀ ò tẹ̀ lé e, ẹ wá owó.

Ìdánwò ìparí ẹ̀kọ́ kò bà mí lẹ́rù. Ti RoSPA máa ń fúnni ní wúrà, fàdákà tàbí idẹ, wọ́n sì ń tún un ṣe ní ọdún mẹ́ta mẹ́ta, èyí tí mo gbà pé ó dára.

Máàkì mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ni mo fún ẹ̀kọ́ náà. Méjì tó kù, ìjà àwọn olùkọ́ lórí clutch ló gbé e lọ. Ẹni tó ń wa ọkọ̀ tó ń pààrọ̀ jíà fúnra rẹ̀ lè ní kò kan òun. Tó bá jẹ́ èyí tó ní torque converter ni, níbi tí òróró ti ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì dé jíàbọ́ọ̀sì, ní ti clutch, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìwé ọkọ̀ yín dáadáa: tó bá jẹ́ onírú clutch méjì ni, àwọn disc wà nínú rẹ̀ tó ń yọ̀ bíi tiwa nígbàkigbà tí ọkọ̀ bá ń rá nínú gósílò, kọ̀ǹpútà ló kàn ń tẹ̀ ẹ́ dípò ẹsẹ̀. Àyè tí mo ní kẹ́ ẹ máa fi sílẹ̀ níwájú yẹn, ẹ̀yin náà nílò rẹ̀, ẹ má sì fi iná gbé ọkọ̀ dúró lórí òkè.