Pushrod tí mo rà fún ọ̀pá ìdarí bàálù RV-6 mi: ẹ fi wáyà wò ó kí ẹ tó gbà á

Wáyà tín-ínrín kan ló jẹ́ kí n jókòó kọ èyí. Mo tì í bọ ihò kékeré tó wà lára pushrod tuntun tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi, ìyẹn páìpù tó so ọ̀pá tí awakọ̀ ń dì mú mọ́ ìrù bàálù, ó sì gba inú rẹ̀ kọjá wẹ́rẹ́, ó yọ ní òdìkejì.

Ẹni tó bá ń to bàálù fúnra rẹ̀ mọ ohun tí mò ń wí. Torí kí èèyàn lè rí i bóyá tíréédì rod end, irin olórí roboto tí wọ́n ń yí bọ ẹnu páìpù náà, ti wọlé tó ni wọ́n ṣe ń lu ihò yẹn. Bó bá wọlé tó, irin á dí ihò, wáyà ò ní kọjá. Bí wáyà bá kọjá, ìwọ̀nba tíréédì díẹ̀ ló di gbogbo rẹ̀ mú. Ti elevator sì ni èyí o, tó ń gbé imú bàálù sókè sódò. Bó bá já lófuurufú, awakọ̀ á kàn máa mi ọ̀pá lásán ni.

RV-6 ni mò ń tò, irú èyí tí Iléeṣẹ́ Ọmọ Ogun Òfuurufú Nàìjíríà gbé bàálù Air Beetle wọn, tó kọ́kọ́ fò ní 1988, lé. Ọwọ́ ẹnì kan tó ti tò ó dé ìdajì ni mo ti rà á, àwọn pushrod rẹ̀ sì ti sọnù. Ni mo bá fi ìwọ̀n ránṣẹ́ sí iléeṣẹ́ kan níbí ní Texas. N kò ní dárúkọ wọn.

Mo pè wọ́n. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó gbé fóònù wo kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó ní wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò kó tó kúrò lọ́dọ̀ àwọn. Mo ní wáyà ń kọjá. Ó ní ṣé ó ń mì? Mo ní kò mì. Ó ní tí kò bá ti mì, ó ti le nìyẹn, kò séwu. Inú bí mi débi pé ohùn mi ń gbọ̀n. Nọ́ọ̀tì tí wọ́n fi há rod end lè mú kí tíréédì méjì péré le gbagidi. Líle kọ́ là ń wò, wíwọlé ni! Mo ṣàlàyé títí, ohun kan náà ló tún kà fún mi. Ó ní bí n kò bá fẹ́ ẹ, kí n dá a padà, kí n sì san owó ìfiránṣẹ́. Ẹ̀mí mi ni wọ́n ń fi ṣeré, owó mi ni wọ́n tún ń béèrè.

Mo ní kó pe ẹni tó ń fọwọ́ kan irin gan-an wá.

Bàbá àgbàlagbà kan ló wá sórí fóònù, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń lọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Kò bá mi jiyàn rárá. Ó béèrè ìhà ibi tí wáyà ti kọjá, mo sọ fún un, ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Má lò ó. Má tilẹ̀ fi dán nǹkan kan wò." Ó ní kí n to ọ̀pá àti elevator sí àárín gbùngbùn, kí n wá wọn láti àárín ihò bóòtù kan dé àárín ìkejì.

Ìwọ̀n yẹn ló tú àṣírí. Ẹni tó gé páìpù gé e kúrú, ẹni tó tò ó sì yọ rod end síta kí gígùn rẹ̀ lè pé. Bàbá sọ ọ́ fún mi láìfi bò. Ó ní òun á gé tuntun, páìpù tó nípọn bí ti àwòrán gan-an, torí pé páìpù gígùn tètè máa ń tẹ̀: bó bá gùn ní ìlọ́po méjì, agbára tó máa tẹ̀ ẹ́ kò ju ìdá kan nínú mẹ́rin ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Kò tán síbẹ̀. Ó bi mí bóyá mo fi wọ́ṣà fẹ̀ǹfẹ̀ sí ìta rod end tí irin dì mú ní ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, kó má baà bọ́ kúrò lórí bóòtù bí ọmọ roboto inú rẹ̀ bá já. Ó ní níbi tí bóòtù bá ti ń yí, nọ́ọ̀tì onípíìnì ni kí n lò, kì í ṣe onírọ́bà. Àwọn tó ń fò gláídà, bàálù tí kò ní ẹ́ńjìnnì, mọ ọ̀rọ̀ ìdarí tó já yìí jù wá lọ, torí wọ́n máa ń tú ìyẹ́ apá, wọ́n á tún tò ó padà. Awakọ̀ ti kú rí nítorí aileron, abala ẹ̀yìn ìyẹ́ apá tó ń mú bàálù fì sọ́tùn-ún sósì, tí wọn ò so mọ́ ọ̀pá. Ìdí nìyẹn tí ẹnì kan fi máa ń di aileron mú níta kí awakọ̀ tó wà nínú wá ti ọ̀pá.

Pushrod tuntun dé lọ́fẹ̀ẹ́. Mo ti wáyà bọ ihò, ó kọlu irin, kò kọjá. Bàbá ti fi bírò kọ gígùn rẹ̀ sórí bébà pélébé, ó so ó mọ́ ọn. Mo tò ó, mo fi ìka méjì di ọ̀pá mú, elevator sì ń lọ sókè sódò láìgbọ̀n, láìhá níbì kankan. N kò tíì rí iṣẹ́ ọwọ́ tó dára tó bẹ́ẹ̀ ní iye owó yẹn.

Lẹ́yìn gbogbo ẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin ọjọ́sí kọ ìméèlì sí mi: kí n san owó ìfiránṣẹ́ èyí tí kò dára. N kò san án. Kò sí ọ̀rọ̀ "ẹ má bínú" kankan nínú ìméèlì náà.

Ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún. Ọ̀dọ̀ wọn náà ni màá ti ra ti aileron.