Ìkìlọ̀ fún ẹ̀yin tó ń ra TI-89 àtijọ́: nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn kì í ṣe ẹ̀rí ohun tó wà nínú

Ẹ̀yin ará tí a jọ ń kó àwọn ẹ̀rọ ìṣírò àtijọ́ tó ń ya gíráàfù jọ, mo bẹ̀ yín kí ẹ fara balẹ̀ ka ọ̀rọ̀ yìí kí ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni tó bá ní TI-89 ìpele àkọ́kọ́ ni òun ń tà. Oníṣòwò kan wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń tú àwọn ẹ̀rọ yìí palẹ̀, tó ń gbé ẹ̀yìn ọ̀kan dé iwájú òmíràn, tó sì ń gba owó ojúlówó lórí àdàmọ̀dì. Èmi náà ti kó sí i lọ́wọ́, dọ́là 140 ni mo san.

Ẹni tó bá ti pẹ́ nídìí ọ̀rọ̀ yìí mọ ohun tí a ń wá. Ọdún 1998 ni ilé-iṣẹ́ Texas Instruments (TI) gbé TI-89 jáde, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi yí bọ́ọ̀dù inú rẹ̀ padà. Ìpele àkọ́kọ́, tí a ń pè ní HW1, ń sáré ní nǹkan bíi 10 MHz. HW2 tó tẹ̀ lé e yá jù ú lọ díẹ̀, 12 MHz, ṣùgbọ́n wọ́n fi ìdènà kan sí i tí kì í jẹ́ kí ètò ṣiṣẹ́ ní ibi gbogbo nínú mẹ́mórì rẹ̀, débi pé àwọn tó ń kọ ètò fún un ní láti wá ọgbọ́n dá sí i. Bí ẹ bá to méjèèjì sórí tábìlì, ojú lásán kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ nínú wa fi ń gbára lé àmì tó wà lẹ́yìn: lẹ́tà tó dúró fún ilé-iṣẹ́ ló ṣáájú, oṣù àti ọdún tẹ̀ lé e, lẹ́tà ìpele ló kẹ́yìn, bíi I-0998A, èyí tó túmọ̀ sí oṣù kẹsàn-án ọdún 1998. Bẹ́ẹ̀ síkúrù ni wọ́n fi de ike ẹ̀yìn tí àmì yìí wà lára rẹ̀ mọ́ iwájú, kò sì le láti pààrọ̀ rẹ̀ fún ẹni tó ní irinṣẹ́ lọ́wọ́.

I-0998A gan-an ló wà lẹ́yìn èyí tí ó fi ránṣẹ́ sí mi. Mo ki bátìrì bọ̀ ọ́, mo tẹ F1, mo sì yan About, ibi tí ẹ̀rọ ti ń sọ irú ẹni tí òun jẹ́. Ohun tí mo rí ni «Hardware Version 2.00», ìlà tí kì í hàn rárá lórí HW1. Ìgbà yẹn ni mo tó gbé e sábẹ́ iná, tí mo wò ó dáadáa. Ojú bọ́tìnì ENTER ti ń dán nítorí ìka tó ti tẹ̀ ẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, àmọ́ ike ẹ̀yìn kò ní àpá kan ṣoṣo. Orí síkúrù méjì ti bó. Níbi tí ike méjèèjì ti pàdé, èékánná mi ń kọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Nínú ibi tí bátìrì ń wọ̀, ẹnì kan ti fi nǹkan ha ìpẹtà kúrò lára irin, ṣùgbọ́n àwọ̀ ewé rẹ̀ ṣì wà ní kọ̀rọ̀.

Nígbà tí mo kọ̀wé sí i, èsì rẹ̀ ni pé ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ ló ti gbé ètò tuntun sí i. Ẹ má gbà á fún un. Lóòótọ́, èèyàn lè fi wáyà gbé AMS tuntun, ìyẹn ètò ìpìlẹ̀ tó ń darí ẹ̀rọ, sínú TI-89, ṣùgbọ́n kò sí ètò tó lè sọ bọ́ọ̀dù HW1 di HW2. Irọ́ yìí ló dùn mí ju owó lọ, nítorí ó mọ̀ pé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ yóò gbà á gbọ́.

Kì í ṣe TI nìkan ló ń fọwọ́ bà. Ó ń polówó HP-48GX kan, ẹ̀rọ ìṣírò ilé-iṣẹ́ Hewlett-Packard (HP), tí nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 3118A, ó ní èyí tí ilé-iṣẹ́ fi dán iṣẹ́ wò ni. Ní ti HP ìgbà náà, bí ẹ bá fi 60 kún nọ́ńbà méjì àkọ́kọ́, ẹ ó rí ọdún. Méjì tó tẹ̀ lé e ni ọ̀sẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kejìdínlógún ọdún 1991 nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ọdún 1993 ni GX jáde. Ẹ̀yìn HP-48SX, èyí tó ṣáájú GX, ni, nítorí SX náà ní ojú ihò méjì tí a ń ki káàdì bọ̀. HP-48 kò ní síkúrù lẹ́yìn, nítorí náà ẹ wá àpá ibi tí wọ́n ti fi irin yọ ọ́ létí.

TI-85 sàn díẹ̀, torí pé a kò lè fi wáyà yí ètò ìpìlẹ̀ rẹ̀ padà. Ẹ ní kí ẹni tó ń tà á tẹ 2nd, MODE, ALPHA àti S, ẹ̀dà ROM, ìyẹn ètò ìpìlẹ̀ náà, yóò hàn. Kó má ṣe tẹ ENTER lẹ́yìn náà o, nítorí yóò pa gbogbo ohun tó wà nínú mẹ́mórì rẹ́.

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Fọ́tò kò tó. Ẹ béèrè fídíò kan ṣoṣo tí wọn kò gé: kó bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn pẹ̀lú nọ́ńbà, kó ṣí ibi bátìrì, kó yí i padà, kó tàn án, kó sì ṣí About lójú yín. Bí ó bá ní òun ti yọ bátìrì nítorí ìrìnnà, bí ó ṣe dá mi lóhùn nìyẹn, ẹ fi ọjà rẹ̀ sílẹ̀ fún un. Kí ẹ sì sanwó níbi tí wọ́n ti lè gbà á padà fún yín. Èmi kò ṣe bẹ́ẹ̀, owó mi sì ti wọgbó.

Ẹ̀rọ náà ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo ti fi bírò tí kì í parẹ́ kọ HW2 sínú ibi tí bátìrì ń wọ̀, kí ọjọ́ tí ó bá kúrò lọ́wọ́ mi, ẹnì kan má tún fi I-0998A ẹ̀yìn rẹ̀ gba owó ẹlòmíràn.