Geant4, OpticStudio, àbí kóòdù àfọwọ́kọ: èwo ni kí ẹ náwó lé fún fáíbà tó ń pààrọ̀ àwọ̀ ìmọ́lẹ̀?

Bí ẹ bá ń wá sọ́fítíwíà tí yóò fi bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń rìn nínú irú fáíbà yìí hàn yín, ẹ má tíì sanwó. Ẹ kọ́kọ́ wo iṣẹ́ tó ń ṣe. Ìmọ́lẹ̀ búlúù á gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, aró inú fáíbà á gbé e mì, á sì tu aláwọ̀ ewé jáde, tí yóò kọrí síbi tó bá wù ú. Ìwọ̀nba ló máa há sínú fáíbà, tí yóò rìn dé ìdí rẹ̀. Ìyókù á jò dànù. Nínú Y-11, irú fáíbà yìí kan tí Kuraray ń ṣe ní Japan, nọ́ńbà tí inú fáíbà fi ń tẹ ìmọ́lẹ̀ (refractive index) jẹ́ 1.59, ti èèpo àkọ́kọ́ jẹ́ 1.49, ti èèpo kejì jẹ́ 1.42. Bí èèpo bá jẹ́ ẹyọ kan, nǹkan bí 3.1 nínú ọgọ́rùn-ún ló máa há sí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan. Bó bá jẹ́ méjì, ó di 5.3. Ìṣirò orí ìwé lèyí o. Kò ka ìmọ́lẹ̀ tó ń lọ́ yípo ara ògiri bí ìkarahun ìgbín, èyí sì pọ̀. Torí rẹ̀ gan-an la ṣe nílò kọ̀ǹpútà.

Geant4

Kò gba kọ́bọ̀. Àwọn onímọ̀ físíìsì ní CERN (ilé ìwádìí físíìsì ńlá ní Yúróòpù) àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn níbòmíràn ló ṣe é. Ó kọ́kọ́ jáde ní 1998, C++ ni wọ́n sì fi kọ ọ́. Ohun tó fi ju àwọn yòókù lọ ni pé orí muon (hóró bíńtín tó ń já bọ̀ láti ojú sánmà) tó gba inú ike scintillator (ike tó ń tan ìmọ́lẹ̀ bí irú hóró bẹ́ẹ̀ bá gbà á kọjá) ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Á tẹ̀lé muon, á tẹ̀lé ìmọ́lẹ̀ búlúù tó bí, á tẹ̀lé aláwọ̀ ewé títí dé ojú sẹ́ńsọ̀, á sì sọ àkókò tí ọ̀kọ̀ọ̀kan dé. Apá rẹ̀ tó ń jẹ́ G4OpWLS ló ń pààrọ̀ àwọ̀. Ẹ̀yin lẹ máa fún un ní WLSABSLENGTH (bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń rìn jìnnà tó kí aró tó gbé e mì), WLSCOMPONENT (àwọ̀ tó ń tu) àti WLSTIMECONSTANT (àkókò kó tó tu ú). Àpẹẹrẹ tó ṣiṣẹ́ wà nínú fódà examples/extended/optical/wls. Ẹ gba ibẹ̀ wọlé.

Àmọ́ kì í dárí jini. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi wá ìdí tí sẹ́ńsọ̀ mi fi ń ka òdo. Fáíbà ò ní àbùkù, èèpo ò ní àbùkù. Afẹ́fẹ́ bíńtín tó wà láàárín ẹnu fáíbà àti sẹ́ńsọ̀ ni mi ò fún ní RINDEX, nọ́ńbà bó ṣe ń tẹ ìmọ́lẹ̀. Bí photon (hóró ìmọ́lẹ̀ kan) bá dé ibi tí kò ní RINDEX, Geant4 á pa á síbẹ̀, kò sì ní pariwo. Ẹ tún ṣọ́ra fún kóòdù àtijọ́ tí ẹ bá rí dà kọ: láti ẹ̀yà 11, FASTCOMPONENT, tó ń sọ àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ scintillator, ti di SCINTILLATIONCOMPONENT1.

Ó sì lọ́ra. Ike scintillator ń tu nǹkan bí 10,000 photon jáde fún MeV kan (ìwọ̀n agbára hóró), muon sì ń fi nǹkan bí 2 MeV sílẹ̀ nínú sẹ̀ǹtímítà kan. Díẹ̀ kínún ló máa dé ojú sẹ́ńsọ̀, síbẹ̀ á sin gbogbo wọn dé sàréè. Èmi máa ń ṣe fáíbà lọ́tọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí n kọ èsì rẹ̀ sínú tábìlì, kí n máa lo tábìlì náà lọ.

OpticStudio

Zemax ló ni ín kí Ansys tó rà wọ́n ní 2021. Owó láísẹ́ǹsì wà níbẹ̀, kì í sì í ṣe owó kékeré fún ẹni tó ń ṣẹ́ náírà sí dọ́là. Orí Windows ló ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ ò ní kọ kóòdù rárá: ẹ máa yà á, ẹ máa tẹ̀ ẹ́, ìmọ́lẹ̀ á sì rìn lójú yín. Ó mọ ohun tó ń gba àwọ̀ kan tó ń tu òmíràn. Bó bá jẹ́ lẹ́ńsì tàbí iná lẹ fẹ́ so mọ́ ẹnu fáíbà, òun ni kí ẹ rà. Bó bá jẹ́ muon, ẹ fi í sílẹ̀.

Kóòdù àfọwọ́kọ

Èdè Python àti NumPy, àkójọ irinṣẹ́ ìṣirò rẹ̀, ti tó fún fáíbà tó nà gbọnrangandan. Bó bá ti tẹ̀, ẹ padà sí Geant4.

Ibi tó yẹ kí owó lọ

| Fáíbà | Àwọ̀ tó ń tu jù (nm: nánómítà) | Àkókò kó tó tu ú (ns: ìdá kan nínú bílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá) |
|---|---|---|
| Y-11 | 476 nm | nǹkan bí 7 ns |
| BCF-92 | 492 nm | 2.7 ns |
| BCF-91A | 494 nm | 12 ns |

Luxium Solutions, tó ń jẹ́ Saint-Gobain Crystals tẹ́lẹ̀, ló ń ta BCF méjèèjì. Ẹni tó ń wá àkókò tó péye, BCF-92 ni tirẹ̀. Lórí ìwé, gbogbo wọn ló ní ìmọ́lẹ̀ máa rìn ju mítà 3.5 lọ kó tó ṣẹ́kù bí ìdá kan nínú mẹ́ta. Ẹ má gbé nọ́ńbà kan yẹn sínú sọ́fítíwíà kankan. Nítòsí orísun, ìmọ́lẹ̀ ń kú kíákíá, torí fáíbà ń tún gbé apá tó sún mọ́ búlúù mì. Èyí tó kù ń pọ́n díẹ̀díẹ̀, ó sì ń rìn jìnnà. Gígùn méjì lẹ nílò, èyí kúkúrú àti èyí gígùn.

Nítorí náà, owó tí ẹ fẹ́ fi ra láísẹ́ǹsì, ẹ fi ra mítà mẹ́wàá fáíbà, LED búlúù kan àti sẹ́ńsọ̀. Ẹ tan LED sí ẹ̀gbẹ́ fáíbà ní ibi mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá, ẹ kọ ohun tó dé ìdí rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ wá fi ìyẹn bọ́ Geant4.