Lekki Conservation Centre: ẹ má jẹ́ kí afárá òkè gba gbogbo ọjọ́ lọ́wọ́ àwọn ọmọ

Ọ̀pọ̀ òbí tó ń kó ọmọ lọ sí Lekki Conservation Centre, igbó ìtọ́jú ẹranko àti igi ní Lekki l'Ékòó, afárá orí igi nìkan ló wà lọ́kàn wọn. Afárá náà sì tó ohun tí à ń wò: mítà 401 ni gígùn rẹ̀, ọdún 2015 ni wọ́n ṣí i. Ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ ni ẹ̀kọ́ wà, lórí afárá pákó tó la àbàtà kọjá.

Hẹ́kítà 78 ni igbó yìí, abẹ́ Nigerian Conservation Foundation, àjọ tó ń dáàbò bo igbó àti ẹranko, ló wà, wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1990. Ilé àti títì ti ká a mọ́ báyìí. Ìdí nìyí tó fi wúlò gan-an fún ọmọ Èkó. Níbi tí omi ti dúró lábẹ́ pákó, ẹ dúró, kí ẹ fi han ọmọ bí irà ṣe ń gba òjò sára, tí kì í jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ ya wọ àdúgbò lẹ́ẹ̀kan náà. Ọmọ tó ti rí àgbàrá rí máa lóye rẹ̀ kíá.

Ẹ dé ní aago 8:30 àárọ̀ tí wọ́n ń ṣílẹ̀kùn, pàápàá lọ́jọ́ iṣẹ́. Ariwo èrò òpin ọ̀sẹ̀ a máa lé ẹranko sá wọgbó. Ẹ rọra rìn, ẹ máa wo òkè: àwọn ọ̀bọ mona wà lórí ẹ̀ka.

Oúnjẹ ló ń dá wàhálà sílẹ̀. Ọ̀bọ mọ ọ̀rá bísíkíìtì dáadáa. Yóò já a gbà lọ́wọ́ ọmọ, ó sì lè gé ọmọ tó bá fà á padà jẹ. Inú báàgì tó ní síìpù ni kí oúnjẹ wà. Ẹ má sì fún wọn jẹ rárá o: ọ̀bọ tó ti mọ oúnjẹ èèyàn kì í bẹ̀rù èèyàn mọ́, ibẹ̀ ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Afárá òkè ń mì bí èrò ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Ẹ pọn ọmọ ọwọ́, ẹ má gbé e mọ́ àyà, torí ọwọ́ méjèèjì lẹ máa fi di okùn mú. Ẹni tí òkè ń bà lẹ́rù kó má gùn ún. Sílípáàsì kò dára níbẹ̀, ó ń yọ̀ lórí pákó tútù. Bàtà tó bo ẹsẹ̀ ni kí wọ́n wọ̀. Pápá ìṣeré tó ní chess ńlá orí ilẹ̀, ìgbẹ̀yìn ni kó jẹ́, nítorí ọmọ tó bá ti bẹ̀rẹ̀ eré níbẹ̀ kò ní gbọ́ àlàyé mọ́.