Ẹ Ṣọ́ra fún Ìrókò Tí Kì í Ṣe Ìrókò

Ẹ̀yin ará Òṣogbo, ìtìjú ni mo fi ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n ìbínú mi ju ìtìjú náà lọ. ₦680,000 ni mo san lórí tábìlì ìjẹun kan àti àga mẹ́fà, káfíńtà tí ó gbà á sì búra fún mi pé ìrókò ni gbogbo rẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀. Arère ni, igi funfun kan tí ó rọ̀. Mo tún un sọ: arère ni ó kùn ní ọ̀dà, tí ó sì tà fún mi ní owó ìrókò.

Kí ẹnikẹ́ni tó bi mí pé ṣé n kò lójú ni, ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ṣe ṣẹlẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó gbé pákó ìrókò gidi síwájú mi, ó fá ojú rẹ̀ díẹ̀, mo sì rí i tí ó ń pọ́n bí oyin. Ó ní àwọn ará ilé àwọn wà lára àwọn tí ó gbẹ́ òpó igi nínú Igbó Ọ̀ṣun, igbó kan náà tí UNESCO kà mọ́ ogún àgbáyé ní 2005. Ta ni yóò rò pé ọmọ ìlú yìí lè fi ojúbọ Yèyé purọ́? Mo ka ₦500,000 sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, mo mọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má tún un sọ fún mi, ọkọ mi ti sọ ọ́ tó.

Aago mẹ́jọ alẹ́ ni ó kó ẹrù dé, nígbà tí iná ti lọ, iná fóònù ni a sì fi ń wò ó. Nígbà tí mo rí ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí ó ru tábìlì náà wọlé, ó yẹ kí ara fu mí, nítorí ìrókò tí ó tóbi tó bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ẹrù ẹnìkan. Ó kìlọ̀ pé a kò gbọdọ̀ fi omi kàn án fún oṣù mẹ́ta. Ìgbà tí ọbẹ̀ dà sí i, tí mo nù ún, tí aṣọ ìnulẹ̀ mi sì pọ́n bí èyí tí a fi nu osùn, ni ìkìlọ̀ yẹn tó yé mi.

Kò tó oṣù méjì tí mo fi ń gbá nǹkan lẹ́búlẹ́bú kan lábẹ́ àga ní àràárọ̀. Mo rò pé èlùbọ́ ni; mo tilẹ̀ bá ọmọ ọ̀dọ̀ mi wí lórí rẹ̀, ọmọ ọlọ́mọ tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Kòkòrò ni ó ń jẹ igi! Arère rọ̀, oúnjẹ kòkòrò ni, nígbà tí ìkán pàápàá kì í sábà rí àárín ìrókò jẹ. Ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n ìyá ọkọ mi wá kí wa ni ẹsẹ̀ àga yẹ̀ lábẹ́ wọn. Wọn kò ṣèṣe, ọpẹ́ ni, ṣùgbọ́n n kò lè gbé ojú sókè. A wo ibi tí ó ti yọ: kò sí ihò kankan tí a gbẹ́ kí orí igi kan lè wọ inú èkejì, bí káfíńtà tí ó kọ́ṣẹ́ ṣe ń ṣe, ìṣó méjì ni, àti gúlúù tí ó pò mọ́ ìyẹ̀fun pákó. Ìṣó méjì, lórí àga tí mo fi owó ìrókò rà!

Mo pè é. Ó ní ọ̀rinrin ilé mi ni ó ba igi jẹ́. Ilé mi! Láti ọjọ́ náà ni fóònù rẹ̀ kò ti lọ mọ́, wọ́n sì ti ń ta gáàsì ní ṣọ́ọ̀bù náà. N kò gba káfíńtà kankan gbọ́ mọ́. Àwọn olóòótọ́ wà, mo gbà, ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe fẹ́ dá wọn mọ̀ nígbà tí ìbúra gbogbo wọn dọ́gba?

Ẹni tí ó bá ṣì fẹ́ rà, kí ó rí pákó kí wọ́n tó kùn ún, kí ó sì má san ju owó igi lọ ṣáájú. Kí ó gbé e wò. Kí ó dojú àga dé, kí ó fi ọbẹ ha abẹ́ rẹ̀. Arère a máa funfun, ìrókò a máa pọ́n. Kí ó gba ẹrù ní ọ̀sán.

Tábìlì tèmi ṣì wà lẹ́yìn ilé, ó dojú délẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ bí arère tí a kùn ní ọ̀dà ṣe ń rí lè wá wò ó, n kò ní gba kọ́bọ̀.